Ta Ni Kó San Owó Ìtanràn? Ọ̀rọ̀ Lórí Gbígbéniṣánlẹ̀ Eléwu Nínú Bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó fi ìsinmi òpin ọ̀sẹ̀ yín sílẹ̀ wá gbọ́ ọ̀rọ̀. Wọ́n ní kí n wá sọ bóyá ó yẹ kí NFL, líìgì àwọn tó ń fi bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ṣiṣẹ́ jẹun, fòfin de àwọn ọ̀nà eléwu tí wọ́n ń gbà gbé ara wọn ṣánlẹ̀. N kò ní jẹ́ kí ẹ dúró pẹ́: ó yẹ. Ohun tí mo fẹ́ ká jọ jiyàn lé lórí ni ẹni tí òfin náà ń mú. Bó ṣe wà lónìí, ọmọ tó wà lórí pápá ni ìyà ń jẹ. Ẹni tó kọ́ ọ, àti ẹni tó fi owó gọbọi rà á torí pé ó mọ bí wọ́n ṣe ń fọ́ ènìyàn mọ́lẹ̀, ọwọ́ òfin kì í sábà kàn wọ́n.

Fún ẹ̀yin tí ẹ kì í wò ó, tí ọmọ yín ṣáà ń gbé aṣọ ẹlẹ́rẹ̀ wálé fún yín fọ̀, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ní kúkúrú. Ènìyàn mọ́kànlá ló wà ní apá kọ̀ọ̀kan. Ẹgbẹ́ tí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìgbìyànjú mẹ́rin láti fi rin yáàdì 10. Iṣẹ́ àwọn tó ń dènà ni kí wọ́n dá ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù dúró, ọ̀nà tó sì dájú jù ni kí wọ́n gbé e lulẹ̀. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú ìyẹn, iṣẹ́ ni. Ẹni tó bá ti wo ìjàkadì nílé rí á mọ̀ pé dídì mọ́ra ni wọ́n kọ́kọ́ ń dì mọ́ra kí ẹnì kan tó gbé ẹnì kejì. Ti ibí yìí yàtọ̀: eré sísá ni wọ́n fi ń pàdé, àwọn méjèèjì sì lè wúwo ju 100 kílò lọ. Bí ọwọ́, èjìká, orí tàbí ìdí bá ṣe kan ara wọn ní ìṣẹ́jú àáyá kan yẹn ló ń sọ bóyá ẹni tó ṣubú máa dìde.

Ẹ máa gbọ́ lẹ́nu àwọn kan pé òfin ti ba eré àtijọ́ jẹ́, pé eré àwọn bàbá wọn kọ́ nìyí mọ́. Àwọn bàbá wọn gan-an ló bẹ̀rẹ̀ òfin. Ní 1894, wọ́n ti fòfin de kí àwọn agbábọ́ọ̀lù so ọwọ́ pọ̀ bí orí ọfà kí wọ́n sì ya lu ẹnì kan ṣoṣo. Ní 1905, ikú àwọn ọmọ tó ń gbá a pọ̀ débi pé Ààrẹ Theodore Roosevelt ránṣẹ́ pe àwọn yunifásítì Harvard, Yale àti Princeton wá sí White House, ó ní kí wọ́n tún ìwà wọn ṣe. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n gbà kí a máa ju bọ́ọ̀lù síwájú, kí ọ̀pọ̀ ènìyàn má baà máa wọ́ jọ gìjà lójú kan. Àjọ tó ń jẹ́ NCAA lónìí, tó ń darí eré ìdárayá àwọn yunifásítì, inú rúkèrúdò ọdún yẹn ni wọ́n ti bí i. Jíju bọ́ọ̀lù síwájú tí gbogbo ayé ń torí rẹ̀ wo eré yìí, bí wọ́n ṣe ń wá ọ̀nà tí ọmọ ènìyàn kò fi ní máa kú ló gbà dé. Deacon Jones ńkọ́, tó máa ń fọ́ ẹni tó bá dènà rẹ̀ létí, gbòlà, lórí àṣíborí? Ní 1977 wọ́n ní ó tó gẹ́ẹ́. Eré kò parẹ́.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí àṣíborí, torí ibẹ̀ ni orí ti di ohun ìjà. Awọ ni wọ́n fi ń ṣe é tẹ́lẹ̀, àwọn mìíràn kì í tilẹ̀ dé nǹkan kan. Ní 1939 ni ilé iṣẹ́ Riddell gbé àṣíborí oníke jáde. Ní 1943, NFL sọ ọ́ di dandan kí gbogbo agbábọ́ọ̀lù dé àṣíborí. Lẹ́yìn náà ni irin ìbòjú wá wọ́pọ̀ ní àwọn ọdún 1950. Nígbà tí imú kì í ṣẹ́ mọ́, tí eyín kì í yọ mọ́, kí ló kù tí èèyàn máa bẹ̀rù? Ẹni tó ń fi ọwọ́ àti èjìká ṣíwájú tẹ́lẹ̀ wá ń fi orí ṣíwájú. Kí àwọn ọdún 1960 tó parí, ọ̀pọ̀ akọ́nimọ̀ọ́gbá ló ń kọ́ ọmọ kéékèèké pé kí wọ́n ki ojú bọ àyà ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù. Ẹ fetí sí mi dáadáa níbí yìí. Kì í ṣe pé àwọn ọmọ náà ya ìpáǹle. Ẹ̀kọ́ ni wọ́n gbà, wọ́n sì gbà á lọ́wọ́ àgbà.

Dókítà Joseph Torg, ní Philadelphia, ló tú àdììtú ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ọrùn. Bí a bá dúró lásán, eegun ọrùn wa kò tọ́. Ó tẹ̀ díẹ̀, títẹ̀ yẹn ló sì ń jẹ́ kó lè gba agbára mọ́ra. Bí èèyàn bá wá dorí kodò díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ wo bàtà ara rẹ̀, ọrùn á tọ́ gbọọrọ. Kó wá fi àtàrí sọ ẹlòmíràn: orí ti dúró, ara ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn pẹ̀lú gbogbo ìwúwo rẹ̀. Eegun ọrùn ni yóò há sáàárín, ibẹ̀ ni yóò sì ti fọ́. Àṣíborí gba orí là, ó sì fi ọrùn tọrẹ. Nínú àkọsílẹ̀ tí Torg kó jọ, àwọn tí ọrùn wọn ṣẹ́ tí wọ́n sì rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀ nínú bọ́ọ̀lù yìí jẹ́ 34 ní 1976 nìkan. Ọdún yẹn náà ni NCAA àti àjọ àwọn ilé ẹ̀kọ́ girama fòfin de kí ẹnikẹ́ni mọ̀ọ́mọ̀ fi àtàrí kọlu ẹlòmíràn. Ní 1984, iye náà ti wálẹ̀ sí 5.

Bí ẹnikẹ́ni bá bi yín bóyá irú òfin yìí ń ṣiṣẹ́, ẹ kà á sí i létí: 34, 5. Kì í ṣe àṣíborí tuntun ló ṣe é. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà gbéni ṣánlẹ̀ ni wọ́n yí padà, ìdí tó sì fi yí padà kíákíá ni pé àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá ilé ìwé yí ohun tí wọ́n ń kọ́ ọmọ padà. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Ibẹ̀ ni mò ń lọ.

Ọdún méjì lẹ́yìn òfin àwọn ọmọ ilé ìwé yẹn, líìgì àwọn àgbà rí tirẹ̀. Oṣù kẹjọ ọdún 1978 ni, ní Oakland, nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ìgbáradì tí kò ní àmì kankan nínú. Steve Grogan ju bọ́ọ̀lù sí Darryl Stingley ti New England Patriots, ọmọ ọdún 26. Bọ́ọ̀lù náà ga jù. Stingley fò tẹ̀ lé e, kò bá a, ó sì ń bọ̀ wálẹ̀ pẹ̀lú orí níwájú, láìlè dáàbò bo ara rẹ̀. Jack Tatum ti Oakland Raiders ń sáré bọ̀ láti iwájú. Eegun ọrùn kẹrin àti ìkarùn-ún Stingley fọ́. Kò rìn mọ́ títí ó fi kú ní 2007. Rẹfirí kankan kò ju àsíá yẹ́lò sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, torí Tatum kò rú òfin kankan. John Madden, akọ́nimọ̀ọ́gbá Raiders, ló ń lọ wo ọmọ ẹgbẹ́ alátakò yìí nílé ìwòsàn.

Láti ìgbà náà, Tatum ni gbogbo ayé ń bú. N kò ní gbè é lẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ náà kò tu ẹnikẹ́ni nínú. Àmọ́ ẹ gbọ́ ìnagijẹ tí wọ́n ń pè é kí ọjọ́ yẹn tó dé: Apànìyàn. Wọ́n ń fi kí i ni. Tíkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń fi tà. Ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ ohun tí wọ́n rà á fún, líìgì mọ̀, ẹni tó ń wo tẹlifíṣọ̀n nílé náà mọ̀. Nígbà tí ọrùn ẹnì kan wá kán, Tatum nìkan ló kù lórí ìjókòó ẹlẹ́ṣẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá sí tòsí. Roy Williams ti Dallas Cowboys ní ọwọ́ kan tó ń dá: bí ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù bá ti kọjá lára rẹ̀, á na ọwọ́ láti ẹ̀yìn, á ki í bọ inú ọrùn aṣọ onítọ̀hún tàbí páàdì èjìká rẹ̀, á sì fà á lulẹ̀ sẹ́yìn. Ara á lọ sẹ́yìn, ẹsẹ̀ á há sábẹ́ ara. Ní oṣù kejìlá ọdún 2004, ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún Terrell Owens ti Philadelphia Eagles. Eegun ẹsẹ̀ Owens ṣẹ́, iṣan ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ sì fara pa. (Ọ̀sẹ̀ méje lẹ́yìn náà, Owens ti wà nínú Super Bowl, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àṣekágbá NFL, ó ń gbá bọ́ọ̀lù bí ẹni tí nǹkan kan kò ṣe. Irú àgídí bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tó ń jẹ́ kí àwọn òǹwòran rò pé ìpalára yìí kò tó nǹkan.) Ní oṣù karùn-ún 2005, àwọn tó ni ẹgbẹ́ dìbò 27 sí 5 láti fòfin dè é. Williams kò fi í sílẹ̀ tán. Ní 2007 wọ́n ní kó jókòó sílé fún ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan nítorí pé ó ti ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta ní sáà kan náà. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ kọ́gbọ́n. Ọwọ́ tó wà lọ́rùn aṣọ, ojú ń rí i. Kò sí àríyànjiyàn nínú rẹ̀. Òfin tí ojú rẹfirí lè gbè lẹ́yìn ni, ìdí nìyẹn tó fi mú wọn.

Ibi tó ti ń le ni ibi tí òfin bá ti dí ọ̀nà kan tí ìpalára sì gba ọ̀nà mìíràn yọ. Láti 2010 lọ, NFL bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó ńlá lọ́wọ́ ẹni tó bá kọlu orí. Wọ́n bu ìtanràn $75,000 lé James Harrison ti Pittsburgh Steelers lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ́dún náà, nítorí bó ṣe kọlu Mohamed Massaquoi. Àwọn tó ń dènà gbọ́ èdè owó, wọ́n sọ ara wọn kalẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ jù. Ní oṣù kejìlá 2013, T.J. Ward ti Cleveland Browns wọlé sí ẹsẹ̀ Rob Gronkowski, ọkùnrin gíga gbọ̀ngbọ̀nràn tó ń gbá fún Patriots. Iṣan orúnkún rẹ̀ já, sáà náà parí fún un. Ward kò rú òfin. Nígbà tí wọ́n bi í, ohun tó sọ kò ta kókó: wọ́n ti ṣòfin nípa orí, gbogbo ènìyàn sì mọ ibi tó máa já sí. Ọ̀pọ̀ agbábọ́ọ̀lù ló sọ ọ́ ní gbangba pé ó sàn kí orí fọ́ àwọn ju kí orúnkún já lọ, torí orúnkún ló ń gbé oúnjẹ wálé. Ọ̀rọ̀ tó ń dunni gidi ni, ó sì jọ pé ó bọ́gbọ́n mu fún ẹni ọdún 24. Ní ọdún 50, nígbà tí kò bá rántí orúkọ ọmọ rẹ̀, á sọ nǹkan mìíràn.

Ṣé kí a wá torí èyí pa òfin orí rẹ́? Rárá o. Ohun tí mo rí kọ́ nínú rẹ̀ ni pé tí ẹ bá sọ fún ènìyàn pé "má ṣe báyìí mọ́", tí ẹ kò sì kọ́ ọ ní ohun tó máa ṣe dípò rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ á wá nǹkan ṣe, nǹkan náà sì lè burú ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Òfin tó wà lẹ́nu gbogbo ènìyàn báyìí ni ti oṣù kẹta ọdún 2024. Ní Orlando, gbogbo àwọn tó ni ẹgbẹ́ fohùn ṣọ̀kan láti fòfin de ohun tí wọ́n ń pè ní hip-drop. Bó ṣe ń lọ nìyí: ẹni tó ń lé alátakò láti ẹ̀yìn tàbí ẹ̀gbẹ́ á fi ọwọ́ méjèèjì dì mọ́ ọn níbàdí. Títí dé ibẹ̀, kò sí wàhálà. Ó wá gbé ẹsẹ̀ ara rẹ̀ kúrò nílẹ̀, ó yí ìdí, ó sì jókòó lulẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ìwúwo rẹ̀ lé ẹ̀yìn ẹsẹ̀ ẹni tó dì mú. Ẹsẹ̀ ẹni yẹn ti tẹ ilẹ̀, kò ríbi lọ, kókósẹ̀ tàbí orúnkún á sì yí. Ní oṣù kìíní 2023, eegun ẹsẹ̀ Tony Pollard ti Cowboys ṣẹ́ báyìí nínú ọ̀kan lára àwọn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó ń ṣáájú Super Bowl. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, kókósẹ̀ Mark Andrews ti Baltimore Ravens kò yè é nígbà tí Logan Wilson ti Cincinnati fà á lulẹ̀ bẹ́ẹ̀. Líìgì ka iye ìgbà tí wọ́n lò ó ní sáà 2023: 230. Agbábọ́ọ̀lù 15 ló jókòó sílé torí rẹ̀. Ẹ pín in lọ́kàn yín, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹnì kan nínú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Líìgì tún ní ewu rẹ̀ ju ti ìgbéniṣánlẹ̀ yòókù lọ ní ìlọ́po 20 sí 25. Àwọn ará Australia tó ń gbá rọ́gíbì ní líìgì NRL ti ń fìyà jẹ ẹni tó bá ṣe é ṣáájú NFL.

Ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ agbábọ́ọ̀lù, NFLPA, ta kò ó. Ẹ má sáré dá wọn lẹ́bi. Wọ́n ní òfin náà máa da orí agbábọ́ọ̀lù, akọ́nimọ̀ọ́gbá, rẹfirí àti òǹwòran rú. Ẹ fi ara yín sí ipò ọmọ tó ń dènà. Ẹni tó ga jù ú lọ, tó fi ogún kílò wúwo jù ú lọ, ti kọjá lára rẹ̀, ó ń sá lọ. Òfin ní kó má di ọrùn aṣọ. Òfin ní kó má fi orí kàn án. Kò lè gba iwájú rẹ̀ mọ́. Ó dì mọ́ ọn níbàdí, onítọ̀hún ń wọ́ ọ lọ. Kí ló kù fún un bí kò ṣe kó sọ ara rẹ̀ di ẹrù kí onítọ̀hún lè ṣubú? Àti pé àárín "ó sọ ara rẹ̀ di ẹrù" àti "ó yí ìdí ó sì jókòó lé ẹsẹ̀" kò ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ. Rẹfirí tó wà ní yáàdì 15 sí ibẹ̀ kò lè dá a mọ̀ dáadáa. Ìyẹn ló fà á tí wọn kì í fi í sábà ju àsíá sí i lórí pápá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nínú ìwé òfin, yáàdì 15 ni ẹgbẹ́ rẹ̀ máa pàdánù fún alátakò. Ohun tó wọ́pọ̀ ni pé lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, lẹ́tà á dé bá ọmọ náà: owó rẹ ti lọ.

Mo ṣì fara mọ́ òfin náà. Ẹsẹ̀ Pollard kò dìbò. Àwọn tó ń sọ pé "àgbàlagbà ni wọ́n, wọ́n mọ ewu, wọ́n sì ń gbowó" gbàgbé pé ẹni tí wọ́n jókòó lé ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́ ló yan bí wọ́n ṣe máa gbé e ṣánlẹ̀. Ẹni tó gbà láti jẹ́ kí wọ́n gbé òun lulẹ̀ kò gbà kí wọ́n ṣẹ́ òun lẹ́sẹ̀. Àmọ́ lẹ́tà tó lọ bá ọmọ yẹn, ẹ̀dà rẹ̀ kò dé tábìlì ẹni tó yẹ kó ti kọ́ ọ ní ọ̀nà mìíràn láti oṣù keje tí ìdánrawò ti bẹ̀rẹ̀.

Kí n tó dé orí ìyẹn, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí òfin kò lè dé, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé mo ń ta oògùn gbogboǹṣe. Ní oṣù kìíní 2023, ní Cincinnati, Damar Hamlin ti Buffalo Bills gbé Tee Higgins lulẹ̀ bó ṣe yẹ kí wọ́n gbéni lulẹ̀. Ó dìde, ó sì ṣubú padà. Ọkàn rẹ̀ ti dáwọ́ dúró. Denny Kellington, ọ̀kan nínú àwọn olùtọ́jú ẹgbẹ́, ló ń tẹ̀ ẹ́ láyà lórí pápá títí ọkàn fi padà. Kò sí òfin tí ẹnikẹ́ni rú. Ní oṣù kẹsàn-án 2024, Tua Tagovailoa ti Miami gbé bọ́ọ̀lù sáré, òun fúnra rẹ̀ ló sì dorí kodò tó fi kan àyà Hamlin yìí kan náà. Ọpọlọ rẹ̀ mì.

Ti Mike Webster sì ni ó yẹ kó kọ wá lóminú jù. Dókítà Bennet Omalu, ọmọ Nàìjíríà, ará wa láti ilẹ̀ Ìgbò, tó kàwé ìṣègùn ní Yunifásítì Nàìjíríà, ló ń ṣiṣẹ́ ní Pittsburgh nígbà tí òkú Webster dé iwájú rẹ̀ ní 2002. Akọni ìlú ni Webster. Sáà 17 ló gbá. Kí ó tó kú, ó ti ń sùn sínú ọkọ̀, ọkàn rẹ̀ ti dàrú. Omalu ní kí wọ́n tọ́jú ọpọlọ náà kí òun lè wò ó fínnífínní. Ó rí àwọn àbàwọ́n tó jẹ́ pé ara àwọn abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò ni wọ́n ti ń rí irú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó sì gbé e jáde nínú ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn ọpọlọ ní 2005. Àwọn dókítà tí NFL gbé kalẹ̀ kọ̀wé pé kí wọ́n fa iṣẹ́ náà ya. Kò ya. Ní 2017, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Boston yẹ ọpọlọ àwọn tó ti gbá ní NFL wò, 111. Wọ́n rí àrùn náà, CTE, àrùn ọpọlọ tí wọ́n so mọ́ orí kíkàn léraléra, nínú 110. Òótọ́ ni pé ẹbí tó ti fura ló sábà ń fi ọpọlọ sílẹ̀, nítorí náà a kò lè ní gbogbo agbábọ́ọ̀lù ló rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n 110.

Ẹ wá wo iṣẹ́ tí Webster ń ṣe. Àárín ni ó ń dúró sí. Òun ló ń ti bọ́ọ̀lù sẹ́yìn láàárín ẹsẹ̀, tí yóò sì fi orí pàdé ẹni tó wà níwájú rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Wọn kì í gbé e ṣánlẹ̀, torí kì í gbé bọ́ọ̀lù. Kò sí ìkọlù ńlá kan tí a lè nàka sí. Kíkan díẹ̀ díẹ̀ ni, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà, ọ̀pọ̀ jù lọ níbi ìdánrawò tí kò sí kámẹ́rà. Ẹ lè fòfin de gbogbo ìgbéniṣánlẹ̀ eléwu tí mo ti dárúkọ, ti Webster á ṣì rí bó ṣe rí.

Ìdánrawò, nígbà náà, ni ojú ibi tí ọ̀ràn wà. Ní 2010, Buddy Teevens, akọ́nimọ̀ọ́gbá ilé ẹ̀kọ́ gíga Dartmouth, pàṣẹ pé àwọn ọmọ òun kò gbọ́dọ̀ gbé ara wọn ṣánlẹ̀ mọ́ níbi ìdánrawò. Àpò àti mátíràsì ni wọ́n ń kọlù. Nígbà tó yá, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ níbẹ̀ ṣe róbọ́ọ̀tì kan tó ń sáré káàkiri pápá kí wọ́n lè máa gbé e lulẹ̀. Wọ́n fi Teevens ṣẹ̀fẹ̀ títí. Ní 2015, Dartmouth wà lára àwọn tó pín ife Ivy League, líìgì tí Harvard àti Yale náà wà, ní 2016 ni líìgì náà lápapọ̀ gba ìlànà rẹ̀ fún àárín sáà. Ní NFL, àdéhùn àwọn òṣìṣẹ́ ní 2011 ti dín ìdánrawò oníkọlù kù sí 14 ní sáà kan. Ní 2014, Pete Carroll ti Seattle Seahawks, tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba Super Bowl, gbé fídíò jáde tó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé bí wọ́n ṣe lè fi èjìká gbéni lulẹ̀ bí àwọn onírọ́gíbì: orí ní ẹ̀gbẹ́, èjìká sí itan, ọwọ́ méjèèjì dì mọ́ ọn. Ẹgbẹ́ rẹ̀ wà lára àwọn tó le jù ní ìdènà láyé ìgbà náà. Ẹ wá ta ni yóò sọ pé ìgbéniṣánlẹ̀ tí kò léwu kò lágbára?

Mo fẹ́ràn Carroll torí ìdí mìíràn pẹ̀lú. Ní 2016, NFL mú òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ pé wọ́n jẹ́ kí àwọn ọmọ kọlu ara wọn níbi ìdánrawò tí kò yẹ kí ìkọlù wà. Wọ́n gba $400,000 lọ́wọ́ ẹgbẹ́, $200,000 lọ́wọ́ Carroll fúnra rẹ̀, wọ́n gba àǹfààní yíyan ọmọ tuntun kan, tí àwọn ẹgbẹ́ máa ń yàn ní tẹ̀léǹtẹ̀lé lọ́dọọdún, kúrò lọ́wọ́ wọn fún ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n tún gba ọ̀sẹ̀ kan nínú ìdánrawò wọn. Ẹ ò rí i? Líìgì mọ bí wọ́n ṣe ń fìyà jẹ ẹgbẹ́ àti akọ́nimọ̀ọ́gbá. Wọ́n ti ṣe é rí. Wọ́n mọ ohun tó ń dun wọ́n, àǹfààní yíyan ọmọ sì ni, torí owó kì í wọ́n wọn.

Ohun tí mo ń sọ kò ju ìyẹn lọ. Kí wọ́n fòfin de hip-drop, kí wọ́n fòfin de fífi àtàrí kọlu ènìyàn bí wọ́n ti ṣe láti 2018, kí wọ́n sì tún wá àwọn mìíràn tó bá yọjú. Ṣùgbọ́n bí ọmọ ẹgbẹ́ kan náà bá ṣe ohun kan náà lẹ́ẹ̀mẹta ní sáà, yálà ọmọ kan ni tàbí ọmọ mẹ́ta, kí lẹ́tà náà lọ sí ọ́fíìsì akọ́nimọ̀ọ́gbá, kí ẹgbẹ́ pàdánù àǹfààní yíyan ọmọ. Líìgì ti ní ìlànà kan tí ẹgbẹ́ fi ń san owó kún un bí ìtanràn àwọn ọmọ rẹ̀ bá pọ̀ jù. Fún ẹni tó ni ẹgbẹ́ tí iye rẹ̀ jẹ́ bílíọ̀nù dọ́là, owó gúgúrú nìyẹn. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwọn àgbà ọjà yìí, tíkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń tà.

Ẹ̀yin òbí, mo mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kàn yín. Orúkọ wa ti ń pọ̀ lẹ́yìn aṣọ wọn: Adewale Ogunleye, Remi Ayodele, Moro Ojomo, Olumuyiwa Fashanu tí New York Jets yàn ṣe ìkọkànlá nínú àwọn ọmọ tuntun ní 2024. Àwọn tí mo dárúkọ yìí, ìlà iwájú tí Webster ń dúró sí ni wọ́n ń dúró sí tàbí ìlà tó kọjú sí i. Bí ọmọ tiyín bá fẹ́ tẹ̀ lé wọn, n kò ní kí ẹ dí i lọ́nà. Ẹ lọ bá akọ́nimọ̀ọ́gbá ilé ìwé rẹ̀. Ẹ bi í pé ọjọ́ mélòó lọ́sẹ̀ ni àwọn ọmọ fi ń kọlu ara wọn. Ẹ ní kó fi hàn yín ibi tí orí ọmọ máa ń wà nígbà tó bá gbé ẹlòmíràn lulẹ̀. Ẹ bi í pé ta ló ń pinnu bóyá ọmọ tí orí rẹ̀ fò lọ́jọ́ Friday lè gbá lọ́jọ́ Friday tó ń bọ̀, òun ni àbí dókítà. Bó bá ń kà á sí ìwọ̀sí, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ lọ forúkọ ọmọ náà sílẹ̀ fún eré sísá.

Mo ti rí àwọn tó ti nàwọ́ láti ìgbà tí mo ti dárúkọ Roy Williams. Àwọn ará Dallas kì í gbàgbé ọ̀ràn. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ tiwọn.